Òdòdó Òkú àti Ọbẹ̀ Tí Kò Kan

Ṣọ́bìrì Àbúbákr kọ́kọ́ kan egungun, lẹ́yìn náà ló kan aṣọ.

Kọ́púrà ọlọ́pàá náà dáwọ́ dúró. Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ìbíwùnmí Afọlábí, tó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀hún ti wú. Obìnrin náà ti fi róòbù ra ihò imú méjèèjì, ṣùgbọ́n òórùn ọgbà yìí kò ka róòbù sí rárá.

"Màmá, aṣọ rèé o," ni Àbúbákr wí. "Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀."

"Fà á jáde. Rọra, má fi ṣọ́bìrì fà á ya."

Ìbíwùnmí kò dìde. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé kì í sáré lọ bá aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ mọ́. Aṣọ kì í kúkú sá. Ariwo tó ń ti ẹnu géètì bọ̀ ló ń dà á láàmú. Ìdajì àdúgbò Lótò, ní Mowé, ló ti kóra jọ síbẹ̀, àwọn mìíràn ti gun orí fẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ egungun sì ti dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Wúràọlá ni wọ́n ń wá, ìyẹn Màmá Lọpẹ́, obìnrin tó ń dín àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò jìnnà sí ẹnu géètì yìí. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, kò sì sẹ́ni tó fojú kàn án mọ́, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyí. Ọkọ rẹ̀, Máyọ̀kún, ló ni ọgbà. Ọkùnrin náà kò gbin ewébẹ̀, kò gbin òdòdó tí èèyàn lè já fún ìyàwó. Àwọn òdòdó àjèjì tó ń rùn ló kó jọ. Ọ̀kan ń ti inú isu ńlá yọ, ó pupa dúdú bí ẹ̀dọ̀, ahọ́n gígùn kan sì nà jáde láàárín rẹ̀. Àwọn kékeré wà tí igi wọn jọ ọrọ́, tí òdòdó wọn nírun lára, tí eṣinṣin kì í kúrò lórí wọn. Àdúgbò sọ gbogbo wọn ní òdòdó òkú. Wọ́n ti bẹ Máyọ̀kún, wọ́n ti bú u, wọ́n ti gbààwẹ̀ lé e lórí, kò hú ẹyọ kan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá di àwátì, tí òórùn náà sì ń le sí i, ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu èèyàn. Rosemary, onídìrí tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wọn, ọ̀rẹ́ Wúràọlá tímọ́tímọ́, ló wá sí tẹ́ṣàn láàárọ̀ pé kí ọlọ́pàá wá wo abẹ́ òdòdó wọ̀nyí, pé òórùn tí òun ń gbọ́ báyìí ti kúrò ní ti ewéko.

Rosemary yìí kan náà ló kọ́kọ́ figbe ta nígbà tí Àbúbákr tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀.

"Jésù! Ìró Màmá Lọpẹ́ ni! Ànkárá yìí, èmi àti ẹ̀ la jọ rà á!"

Èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan ju òkúta, ó ba táńkì omi, ó dún gbàgà.

Máyọ̀kún dúró ti ògiri pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó tín-ín-rín, ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tó ń lọ ibi iṣẹ́. Kò wo aṣọ náà rárá. Isu òdòdó tí wọ́n hú sílẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ṣọ́bìrì gé e," ló wí. "Ẹ bá mi gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní pa á."

"Màmá, ẹ gbọ́ nǹkan tí bàbá yìí ń sọ," ni Àbúbákr wí. "Ìyàwó la ń wá, isu ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Ìbíwùnmí tiro lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé egungun náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ti jẹ ẹsẹ̀ màlúù tó láyé rẹ̀ láti mọ ọ̀kan bó bá rí i.

"Bàbá Lọpẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára ìró yìí?"

"Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni, Madam. Ajílẹ̀ ni. Odò-ẹran ni mo ti máa ń lọ gbà á láàárọ̀. Ìró yẹn ti gbó, ìyàwó mi ló ní kí n máa fi sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí kò wúlò mọ́, mo sin ín mọ́ ajílẹ̀."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àwọn tó wà lórí fẹ́ǹsì pé màlúù ló ni ẹ̀jẹ̀? Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń yẹ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kí èsì sì tó dé, àwọn ọmọ àdúgbò á ti dá ẹjọ́ tiwọn. Ìbíwùnmí ti rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Ìbàfò. Eérú àti wáyà táyà ló bá nílẹ̀, ẹni tí wọ́n dá a fún kò sì jẹ̀bi.

Rosemary fà á láṣọ. "Madam, ṣé ẹ ti hú gbogbo ẹ̀ tán? Ó ku èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hú ìyẹn náà."

Wọ́n hú u. Ekòló àti iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀.

*

Wọ́n mú Máyọ̀kún wọlé kí ojú èrò lè kúrò lára rẹ̀. Pálọ̀ ṣókùnkùn, nítorí pé páálí ni wọ́n fi dí fèrèsé tí àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ lókùúta. Pẹpẹ kan wà lára ògiri tó kún fún ìgò lọ́fíńdà, kékeré àti ńlá, eruku ti bò wọ́n. Iná ò sí. Tiransífọ́má Lótò ti jó láti oṣù tó kọjá.

Àbúbákr gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó fi ọwọ́ bo imú. Máyọ̀kún tó ṣíwájú wọn ti dé ibi tábìlì.

"Ẹ jẹ́ kí n tan àbẹ́là," ló wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè mú ìṣáná, ó fa ẹyọ kan yọ.

Ìbíwùnmí fò mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ tó wú kò rántí pé òun wú. Ó gbá ìṣáná náà dànù, ó sì kígbe mọ́ Àbúbákr kó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Gáàsì ti kún ilé. Ìkòkò omi wà lórí sítóòfù nílé ìdáná, kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n wá fa ọkùnrin yìí jáde, afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́ iná rẹ̀ pa.

"Bàbá yìí fẹ́ sun wá!" Àbúbákr sáré lọ pa ẹ̀rọ gáàsì. "Màmá, wọ́n fẹ́ sun gbogbo wa pọ̀!"

Ojú Máyọ̀kún ni Ìbíwùnmí ń wò. Ó mọ ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ibi. Èyí kọ́. Ojú ẹni tí wọ́n pariwo mọ́ láìmọ ohun tó ṣe lèyí.

"Kí ló dé?" ni ọkùnrin náà bèèrè. "Kí ni mo ṣe?"

"Gáàsì ni, Bàbá Lọpẹ́."

"Ẹ̀n... gáàsì. Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fọkàn sí i ni."

Ìbíwùnmí gba ọ̀rọ̀ náà, ó fi í sápá kan. Wọ́n dúró kí afẹ́fẹ́ fẹ́ wọlé fẹ́ jáde, kí obìnrin náà tó jókòó sórí àga.

"Níbo ni ìyàwó yín wà?"

"Ifọ̀. Ó ní òun ń lọ kí Gbémiga, ẹ̀gbọ́n òun."

"Ẹ ti pè é?"

"Kì í gbé fóònù tó bá ń bínú."

"Kí ló ń bí i nínú?"

Máyọ̀kún wolẹ̀. "Àwọn òdòdó mi."

"Ẹ rí i pé wọ́n ń lé àwọn oníbàárà rẹ̀ sá, àdúgbò ò kí yín mọ́, wọ́n sì fọ́ fèrèsé yín. Kí lẹ fẹ́ fi òdòdó ṣe?"

"Mo fẹ́ràn wọn ni."

"Kí lẹ sábà máa ń ṣe nírọ̀lẹ́?"

"Mo máa ń jókòó tì wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣí. Bí èyí tó tóbi bá ṣí, mo máa ń tẹ orí bọ inú ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Àbúbákr ṣe hàà. Ìbíwùnmí gbé fóònù, ó pe Gbémiga ní Ifọ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọkùnrin náà fi bú sẹ́kún, ó ń sunkún, ó ń búra. Wúràọlá kò dé ọ̀dọ̀ òun. Kò tilẹ̀ pè pé òun ń bọ̀. Òun ti gbọ́ ohun tí wọ́n hú jáde, òun àti àwọn èèyàn òun ti wà lọ́nà Mowé báyìí.

Ìbíwùnmí pa fóònù náà. Máyọ̀kún ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kọjú sí i.

"Kò dé Ifọ̀?" ló wí. "Níbo ló wá wà?"

*

Àbúbákr fi mọ́tò ọlọ́pàá gbé Máyọ̀kún kọjá láàárín èrò. Wọ́n gbá mọ́tò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbá a lẹ́yìn. Ìbíwùnmí rí ọkùnrin kan tó fi táyà kọ́ èjìká tó ń sáré tẹ̀ lé e.

Ìbíwùnmí fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn nínú ilé. Ọ̀gá tẹ́ṣàn pè é lórí fóònù.

"Aṣọ wà, ẹ̀jẹ̀ wà, irọ́ Ifọ̀ wà. Kí lẹ tún ń wá? Èrò ti ń pọ̀ níwájú tẹ́ṣàn, mi ò lè dá wọn dúró. Abẹ́òkúta ni màá gbé bàbá yẹn lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"Ọ̀gá, tí ẹ bá gbé wọn jáde, wọn ò ní dé Abẹ́òkúta."

"Tí mo bá dá wọn dúró síbí, wọ́n á sun tẹ́ṣàn. Ẹ ní àyè títí mọ́tò mi á fi ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún iná rẹ̀ ṣe dé."

Ìbíwùnmí fi fóònù sápò, ó jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ òní nìkan, àárẹ̀ gbogbo ọdún tó ti fi ń bá èèyàn wá òótọ́ tí wọn ò fẹ́ ni. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dé tán. Ì bá ti wà nílé, kó ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ebi sì ń pa á. Láti ìdájí tí Rosemary ti dé tẹ́ṣàn, ẹnu rẹ̀ kò kan nǹkan kan.

Ebi yìí ló jẹ́ kó ṣí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, wọ́n fi gbúre sí i, ó ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó fi ṣíbí bù ú, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba, irú rẹ̀ ń ta sánsán, ìfófò díẹ̀ péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ létí ìkòkò. Ó tún tọ́ ọ wò, ebi wá kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó ṣí fìríìjì. Bàtà ni wọ́n kó sínú rẹ̀ látìgbà tí iná ti lọ.

Ó pe Àbúbákr. "Bàbá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ti dé tẹ́ṣàn, àwọn èèyàn pọ̀ níta."

"Bi wọ́n pé ta ló se ọbẹ̀ tó wà nílé ìdáná, ìgbà wo sì ni."

Ó gbọ́ ohùn wọn lábẹ́lẹ̀. "Wọ́n ní ìyàwó àwọn ló sè é lọ́jọ́ Sátidé. Òun làwọn ń jẹ láti ọjọ́ yẹn."

"Ta ló ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́?"

Ó tún gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí Àbúbákr padà, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Màmá, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó ti jinná, kí ni wọ́n tún ń gbé e kaná sí? Wọ́n ní bí àwọn ṣe bá a làwọn ń bù ú."

Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Òun náà ní ọkọ nílé. Ó mọ irú ọkùnrin tó gbà pé ọbẹ̀ ló ń tọ́jú ara rẹ̀ nínú ìkòkò. Irú wọn kì í mọ̀ pé ẹnìkan ń dìde lójú oorun nítorí ìkòkò ọ̀hún.

Ó wá ro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gúsí tí wọ́n sè ní Sátidé, nínú ooru yìí, láìsí iná ìjọba, tí ẹnikẹ́ni ò gbé kaná, á ti kan ní ọjọ́ Ajé. Tó bá máa fi di òní, ìdin á ti wà nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ yìí kò kan. Wọ́n gbé e kaná lálẹ́ àná, àárọ̀ òní nìkan ni wọn ò rí i gbé kaná, nítorí pé ọlọ́pàá ti gbalé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Olè kì í wọlé wá gbé ọbẹ̀ kaná. Ọ̀tá kì í ṣe é. Ẹni tó ni ìkòkò nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀. Wúràọlá wà láàyè, kò sì jìnnà. Nígbà tí bàbá bá lọ sí odò-ẹran láàárọ̀, á wọlé. Nírọ̀lẹ́ tó bá tẹ orí bọ òdòdó níwájú ilé, á tún gba ẹ̀yìn wọlé.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Páànù kan wà lára fẹ́ǹsì tí okùn wáyà rẹ̀ ti tú, koríko ibẹ̀ sì ti kú nítorí ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé Rosemary ló já sí.

Rosemary. Ìbíwùnmí wá rántí ohun tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àárọ̀. Ẹni tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa bèèrè pé ṣé ẹ ti rí i. Obìnrin yìí kò bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń bèèrè ni pé ṣé ẹ ti hú gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbíwùnmí wọ bàtà rẹ̀, ó fi àkísà mú ìkòkò ọbẹ̀ náà létí méjèèjì, ó sì gba àárín páànù kọjá.

*

Rosemary jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó ń to irun wíìfù sára àga, kò sì sí oníbàárà kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbíwùnmí gbé ìkòkò ka iwájú rẹ̀, ó ṣí ìdérí.

"Mo wá jíṣẹ́," ló wí. "Ọbẹ̀ yìí ò tíì kaná lónìí. Ó ti ń yọ ìfófò. Ẹni tó ń gbé e kaná, ẹ sọ fún un pé tó bá fi dalẹ́, ó máa kan."

Wíìfù bọ́ lọ́wọ́ Rosemary. "Madam, mi ò mọ nǹkan tí ẹ ń sọ o."

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò ní jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Táyà ti dé iwájú tẹ́ṣàn. Gbémiga náà ń bọ̀ láti Ifọ̀ pẹ̀lú èrò tirẹ̀. Ọ̀gá mi máa gbé Bàbá Lọpẹ́ jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá sì gbé wọn jáde, wọ́n máa sun wọ́n."

"Ta ni wọ́n máa sun?"

Kì í ṣe Rosemary ló sọ̀rọ̀. Kọ́tìnnì yàrá ṣí, Wúràọlá sì jáde pẹ̀lú gèlè tó tú lórí rẹ̀. Obìnrin náà sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó wo Ìbíwùnmí, ó wo ìkòkò rẹ̀, ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Rosemary, ta ni wọ́n fẹ́ sun? Ṣebí o ní wọ́n kàn ń hú u ni? O ní wọ́n ti fẹ́ hú u tán!"

"I swear, kò sí lérò mi," ni Rosemary wí, omi ti ń jáde lójú rẹ̀. "Mo kàn ní kí ọlọ́pàá wá gbẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo rí ìró yẹn, mo ní kí n pariwo díẹ̀, kí wọ́n má bàa fi àwọn tó kù sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á gbé táyà. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ fún ẹ."

Wúràọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?" ni Ìbíwùnmí bi í. Kò fi ìbínú bi í.

"Ó rẹ̀ mí, Madam. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí láti máa dín àkàrà kí èèyàn máa fi ọwọ́ bo imú kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà tí wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní òórùn ilé mi wà lára aṣọ mi. Mo bẹ Bàbá Lọpẹ́, mo kúnlẹ̀. Wọ́n á ní àwọn gbọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún ti Ìbógùn gbé èyí tó tún le jùyẹn dé."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi fọwọ́ ara yín hú u?"

"Ha! Tí mo bá fọwọ́ mi hú u, ilé ti tú nìyẹn. Wọn ò ní dárí jì mí láéláé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló hú u, ọwọ́ ìjọba ni. Ta ló ń bá ìjọba ṣọ̀tá? Màá ti Ifọ̀ dé, màá bá wọn sunkún, ọ̀rọ̀ á sì tán."

Ìbíwùnmí fẹ́rẹ̀ẹ́ tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí àyè. "Tẹ́ ẹ wá ń gbé ọbẹ̀ kaná fún ẹni tẹ́ ẹ sá fún?"

"Wọ́n á jẹ ẹ́ ní kíkan ni, Madam! Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Lọ́dún tó kọjá mo gbàgbé ọbẹ̀ ilá, ó kan, ó ń rùn, wọ́n jókòó wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ mélòó kan ni inú fi run wọ́n. Mo rò pé oríkunkun ni."

"Oríkunkun kọ́," ni Ìbíwùnmí wí. "Ẹ dìde. Ẹ gbé ìkòkò yín."

*

Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé wọn dé tẹ́ṣàn. Èrò ti dí ojú ọ̀nà, Gbémiga sì wà níwájú wọn, ó ti ya aṣọ rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n ti ń gbé Máyọ̀kún bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ṣàn, Àbúbákr na ọwọ́ méjèèjì níwájú rẹ̀, òkúta kan sì ti la bàbá náà níwájú orí.

Wúràọlá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Obìnrin kan kígbe pé iwin ni. Àwọn tó wà nítòsí ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó gbé táyà gbé e sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbémiga wo àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó dì mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí bú u, ó tún dì mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi dákẹ́, èrò ti ń tú ká lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń sọ fún ẹnìkejì pé òun kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìbíwùnmí mú tọkọtaya náà wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Máyọ̀kún fi áńkáṣíìfù dí iwájú orí rẹ̀. Ó kàn ń wo ìyàwó rẹ̀ ṣáá.

"Ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀, Màmá Lọpẹ́, wọ́n ń ti èèyàn mọ́lé fún un, ẹ̀yin àti Rosemary," ni Ìbíwùnmí wí. "Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù, Bàbá Lọpẹ́ ni mo fẹ́ bi. Ìgbà wo ni imú yín ti kú?"

Máyọ̀kún gbé áńkáṣíìfù kúrò níwájú orí.

"Ẹ fẹ́ ṣáná sí ilé tí gáàsì kún," Ìbíwùnmí ń bá a lọ. "Ẹ jẹ ọbẹ̀ kíkan tán. Ẹ ń tẹ orí bọ ohun tí àwa fi róòbù sá fún. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ìgò yẹn lára ògiri."

"Ọdún tí wọ́n sé gbogbo ayé mọ́lé," ni Máyọ̀kún wí. "Mo ṣàìsàn. Ara mi yá, imú mi ò yá. Madam, lọ́fíńdà ni mo ń pò ní Èkó. Mo máa ń di ojú, tí èèyàn bá kọjá, màá dárúkọ ohun tó fi para. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mi ò gbọ́ òórùn mọ́? Mo ní ọjà ò tà ni mo fi palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Olùkọ́ kan ní Ìbógùn ló wá sọ fún mi pé òdòdó kan wà tí imú tó kú gan-an á gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo gbin ín. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bèèrè èyí tó tún le jùyẹn. Mo ní bó ṣe òórùn òkú lásán ni mo gbọ́, yóò tó mi. Á jẹ́ pé ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀."

Wúràọlá gbé ìkòkò sílẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Èmi ni mo po lọ́fíńdà tó o lò níjọ́ ìgbéyàwó wa," ni Máyọ̀kún wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹ pé mi ò mọ òórùn ẹ mọ́?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ìbíwùnmí yíjú sí ògiri, ó ń wo kàlẹ́ńdà bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn sunkún nínú ọ́fíìsì yìí, kò sì tíì mọ ibi tí èèyàn ń kọjú sí.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí Máyọ̀kún ń bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Wọ́n hú gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀," ni Wúràọlá wí.

"Ó dáa." Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Báwo ló tiẹ̀ ṣe ń rùn? Wọ́n kàn máa ń bú mi ni, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi."

Wúràọlá fi gèlè nu ojú. Ó ronú sí i, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Tó bá kọ́kọ́ ṣí," ló wí, "ó máa ń dà bí ẹja tútù tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá láti àná. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá le. Ẹ rántí eku tó kú sínú àjà wa nígbà tí Lọpẹ́ ṣì kéré?"

Máyọ̀kún ti di ojú. "Mo rántí. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó dùn díẹ̀, bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ọkùnrin náà wí, ó ń mi orí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ìbíwùnmí gbé ìkòkò nílẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn. Ó fún Àbúbákr ní ìkòkò náà ní kọ́rídọ̀, ó ní kó lọ wá iná sí i kíákíá kó tó kan.